Ata Bàbá Onímú

Kó tó di Bàbá Onímú, Alásè lásán ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń dáná fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀dì fóòmù, ó sì ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú kirikiri. Imú ló sọ ọ́ lórúkọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń tòògbé lẹ́yìn bọ́ọ̀sì tó ń kó wọn lọ síbi iṣẹ́, ló bá ṣàdédé lajú, ó ní kí awakọ̀ dúró, pé nǹkan ń jó. Awakọ̀ ní kò sóhun tó ń jó, kí bàbá máa bá oorun wọn lọ. Wọn ò tíì rìn jìnnà tí èéfín fi yọ lábẹ́ ìjókòó awakọ̀ fúnra rẹ̀. Wáyà kan ló ń jó lábẹ́lẹ̀. Wọ́n tètè pa á, kò sẹ́ni tó fara pa, ṣùgbọ́n orúkọ ti yí padà kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́.

Nínú ilé ìdáná pàápàá, kì í tọ́ ọbẹ̀ wò bí àwọn alásè yòókù. Á ṣí ìkòkò díẹ̀, á fọwọ́ fẹ́ ooru rẹ̀ wá sí imú, á dijú, á ní àlùbọ́sà ò tíì gba epo dáadáa, tàbí pé ata ti pọ̀ ju tòmátì lọ. Ẹni tó bá jiyàn, kó fẹnu kàn án. Àwọn tó ń gé fóòmù, àwọn tó ń rán aṣọ bẹ́ẹ̀dì, títí kan Ọ̀gá pátápátá, obìnrin kan tí kì í yin ènìyàn lásán, gbogbo wọn ló gbà pé ẹ̀bùn ni imú bàbá yìí.

Imú yẹn ló wá kú.

Ọ̀fìnkìn ló mú un, ọ̀fìnkìn lásán bí èyí tó ń mú gbogbo ènìyàn. Ó fun imú títí, ó lo oògùn, ara yá. Ṣùgbọ́n òórùn ò padà wá. Ó kọ́kọ́ rò pé imú ṣì dí ni. Ó gé àlùbọ́sà, ó gbé e sún mọ́ imú. Omi bọ́ lójú rẹ̀, imú ò gbọ́ nǹkan kan. Ó gbé ọṣẹ, kò sí. Ó gbé bàtà ara rẹ̀ tó ti wọ̀ ṣiṣẹ́ láti àárọ̀, bàtà tí ìyàwó rẹ̀ kì í jẹ́ kó wọ yàrá, bí ẹni gbé òkúta sí imú ni. Ahọ́n rẹ̀ mọ iyọ̀, ó mọ ṣúgà, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ tó bá fi sẹ́nu, omi gbígbóná tí wọ́n bu iyọ̀ sí ni. Ohun kan ṣoṣo tó ṣì ń dá a lóhùn ni ata. Ata ò bá imú ṣe. Bó bá ti kan ahọ́n, á ta, òógùn á sì bọ́.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò sọ fún ìyàwó rẹ̀. Alásè tí kò gbóòórùn, kí ló fi yàtọ̀ sí awakọ̀ tí kò ríran? Bí Ọ̀gá bá gbọ́, iṣẹ́ tán nìyẹn, kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn. Ọwọ́ tó ti ń ro ọbẹ̀ láti kékeré ò mọ bí wọ́n ṣe ń gé fóòmù. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi etí àti ojú dáná. Ó ń gbọ́ ohùn epo: bó bá ń pariwo, omi ṣì wà níbẹ̀, bó bá rọlẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó ti tó. Ó ń wo àwọ̀ àlùbọ́sà. Á ṣì ṣí ìkòkò bíi ti tẹ́lẹ̀, á fọwọ́ fẹ́ ooru sí imú, á dijú, á mi orí, ẹni tó bá ń wò ó á rò pé ó gbọ́ nǹkan. Lẹ́yìn náà á da ata kún un, torí ata nìkan ló lè fi mọ̀ pé òun ti se ọbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ wá ń mu omi léraléra lórí oúnjẹ. Wọ́n ń bi í pé kí làwọn fi ṣẹ̀ ẹ́.

Ẹni tó ń bà á lẹ́rù jù ni igbákejì rẹ̀ nílé ìdáná. Ìyá Àlùbọ́sà ni wọ́n ń pè é, torí pé ó lè gé àlùbọ́sà kún agbada kí omi má bọ́ lójú rẹ̀. Obìnrin gíga ni, kì í sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá kí i ní gbólóhùn mẹ́ta, ìdajì kan lẹ máa gbà padà. Bàbá ti ń kíyè sí i pé bí òun bá kúrò nídìí ìkòkò, á yọ́ débẹ̀, á fi ṣíbí tọ́ ọ wò, á bu nǹkan díẹ̀ sí i. Bí wọ́n bá sì ti ṣíwọ́, tí gbogbo wọn ń rọ́ lọ sínú bọ́ọ̀sì, á ní òun gbàgbé nǹkan, á tún sáré padà sí ilé ìdáná. Bàbá sọ ọ́ nínú ọkàn ara rẹ̀ pé obìnrin yìí ti ń wọn ìjókòó òun wò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn nígbà tí Awakọ̀ gbé ti ata dé. Ìjókòó iwájú, ẹ̀gbẹ́ ibi tí òun fúnra rẹ̀ ń jókòó sí, ló ń dá ìjà sílẹ̀ láràárọ̀. Afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀, kò sí ìgbọ̀nwọ́ ẹnikẹ́ni níhà ẹni, èèyàn á na ẹsẹ̀. Àwọn àgbàlagbà wá ń sáré du ìjókòó bí ọmọ ilé ìwé. Awakọ̀ ti gbin ata rodo sínú táyà àlòkù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, èso rẹ̀ ti gbẹ já bọ́, ọmọ ata sì ti hù yí i ká. Ó ní òun máa pín wọn. Kí oníkálukú gbé ẹyọ kan lọ sílé, kó tọ́jú rẹ̀ bó bá ṣe mọ̀. Bó bá so tó sì pọ́n, kí wọ́n gbé e wá tòun ti ìkòkò rẹ̀. Ẹni tí ata rẹ̀ bá dára jù ló ni ìjókòó iwájú fún ọdún kan gbáko, ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ fìdí kàn án.

Ẹnìkan béèrè pé ta ni yóò ṣe adájọ́. Bí ẹni pé wọ́n ti jọ mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, gbogbo bọ́ọ̀sì yíjú sẹ́yìn. Ata rodo, kì í ṣe títóbi ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, òórùn ni. Ta ló tún kù lẹ́yìn Bàbá Onímú? Kí wọ́n tò wọ́n síwájú rẹ̀, kó dijú, kó gbóòórùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kó dá ẹjọ́.

 Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní wọ́n fẹ́ rẹ́ òun jẹ.

"Ẹ̀yin fẹ́ máa na ẹsẹ̀ níwájú, kí èmi máa ká orúnkún lẹ́yìn níbí? Èmi náà ń gbin ata. Ẹni tó ń bá wọn díje kì í dájọ́."

Wọ́n ní òótọ́ ni, kò burú. Awakọ̀ ní òun á fi ojú ṣe é nígbà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ò mọ òórùn kankan ju ti epo ọkọ̀ lọ. Báyìí ni Bàbá Onímú ṣe di àgbẹ̀. Kì í ṣe pé ó fẹ́ ìjókòó iwájú. Ọ̀rọ̀ imú ló ń sá fún.

Ìyàwó rẹ̀ ò sí nílé lásìkò náà, ó ti lọ bá àbúrò rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ilé dákẹ́. Bàbá fi ìṣó lu ihò sí ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì kan tó ti là létí, ó bu iyẹ̀pẹ̀ dúdú lẹ́yìn ilé, ó gbin ata sí i, ó gbé e sábẹ́ fèrèsé níbi tí oòrùn àárọ̀ ń dé. Ó kọ́kọ́ ń ṣe é bí iṣẹ́ tí wọ́n rán an tipátipá. Ṣùgbọ́n nǹkan tó ń dàgbà lójú ẹni, ó ní bó ṣe ń fà wá. Kò pẹ́ tó fi jẹ́ pé kó tó bọ́jú láàárọ̀, á ti lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Á yí ewé padà, á fi ìka mú kòkòrò tó bá sá sẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí òdòdó rẹ̀ yọ, àwọn òdòdó funfun kéékèèké tó dorí kodò bí ẹni tí ojú ń tì, ó ń fi ìka ta wọ́n jẹ́jẹ́ kí wọ́n lè so, bí Awakọ̀ ṣe kọ́ wọn. Ó ń bá a sọ̀rọ̀. Ohun tí kò lè sọ fún ènìyàn, ó sọ ọ́ fún ata: pé òun fọwọ́ ra ewé rẹ̀, òun gbé ọwọ́ sí imú, òun ò gbọ́ nǹkan kan, kó má bínú.

Omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì ló fi ń bọ́ ọ. Bí wọ́n bá ti ṣan ìrẹsì nílé ìdáná, á rọ omi funfun náà sínú kẹ́ẹ̀gì búlúù kékeré kan, á gbé e wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé. Ata náà gbà á. Ewé rẹ̀ ṣú, ó so wọ̀ǹtìwọnti. Àwọn tó ń bá a díje ń béèrè rẹ̀ lójoojúmọ́, á ní ó kàn wà níbẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kì í lè pa dé tó bá ń sọ ọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni wàhálà dé. Bọ́ọ̀sì kún, kẹ́ẹ̀gì wà láàárín ẹsẹ̀ bàbá, Ìyá Àlùbọ́sà jókòó tì í. Wọn ò pẹ́ lójú ọ̀nà tí ẹnìkan fi ní òun ń gbọ́ òórùn kẹrosíìnì. Ẹlòmíràn ní òun náà ti ń gbọ́ ọ, òun rò pé ìta ló ti ń wá ni. Wọ́n ń ṣí fèrèsé, wọ́n ń dimú. Awakọ̀ béèrè pẹ̀lú ìbínú pé ta ló gbé kẹrosíìnì wọ ọkọ̀ òun, ṣé wọ́n ti gbàgbé wáyà tó jó lọ́jọ́sí ni. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, wọn ò mọ èyí tínú ń run. Wọ́n wá yíjú sí ẹni tí wọ́n gbójú lé. Wọ́n ní kí Bàbá Onímú bá wọn fi imú wá a.

Bàbá na imú sókè, ó fà á, ó dijú bó ṣe máa ń ṣe. Kò gbọ́ nǹkan kan. Kí wọ́n má baà fura, ó pariwo ju gbogbo wọn lọ. Ó ní òórùn náà ti ń pa òun látìgbà tí wọ́n ti gbéra, sùúrù lòun ń ṣe. Ó ní ẹni tó gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sáàárín ènìyàn, ọ̀tá ni, kí Awakọ̀ dúró kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kó máa fẹsẹ̀ rìn lọ sílé.

Ìyá Àlùbọ́sà wo ilẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ bàbá. Ó wo ojú rẹ̀. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ wá gbóhùn sókè.

"Ẹ má bínú, èmi ni. Mo ra díẹ̀ sínú ìgò, ó dà sínú báàgì mi. Ẹ forí jì mí."

Wọ́n bú u, ó gbà á. Bàbá fúnra rẹ̀ bá a wí bí àgbà, ó ní ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná yẹ kó gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Obìnrin náà ń wo ìta títí tó fi sọ̀kalẹ̀. Bàbá délé, ó fún ata rẹ̀ ní omi ìrẹsì títí kẹ́ẹ̀gì fi gbẹ.

Láti ọjọ́ kejì, Ìyá Àlùbọ́sà ló ń gba kẹ́ẹ̀gì náà lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀. Ó ń fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó ń rọ omi sí i, ó ń fi ọ̀rá di ẹnu rẹ̀ pinpin. Bàbá rò pé ó ń fi tọrọ àforíjì ni. Ó gbà fún un, ó tilẹ̀ ń dá a lóhùn jẹ́jẹ́.

Ata bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn. Àwọn ewé ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ pọ́n, wọ́n já bọ́. Òdòdó tẹ̀ lé wọn. Àwọn èso tútù hunjọ lórí igi bí ara arúgbó. Bàbá gbé ọ̀rọ̀ náà dé bọ́ọ̀sì, gbogbo wọn sì di oníṣègùn. Ọ̀kan ní oòrùn ti pọ̀ jù, ọ̀kan ní kò tó. Ẹnìkan ní kó bu eérú sí i. Obìnrin kan tó ń rán aṣọ bẹ́ẹ̀dì ní èèpo ẹyin lòun ń lọ̀ sí tòun, ó sì ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kí àwọn yòókù má gbọ́. Bàbá ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kiri ilé bí ẹni ń gbé aláìsàn láti ilé ìwòsàn kan dé èkejì. Ìyá Àlùbọ́sà nìkan ni kò dá ìmọ̀ràn kankan.

Bàbá wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wọlé dé. Ó kí i, ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó wo nǹkan tí ọkọ òun sọ di ọmọ. Ó tún sún sẹ́yìn.

"Bàbá wọn, ta ló da kẹrosíìnì sí i?"

"Kẹrosíìnì wo?"

"Èyí tó ń rùn nínú iyẹ̀pẹ̀ yìí. Àbí ẹ ò gbọ́ ọ ni?" Ó mú kẹ́ẹ̀gì búlúù, ó ṣí i, ó gbé ojú kúrò. "Ó ṣì wà nínú èyí náà. Èyí lẹ fi ń bomi rin ín?"

Aládùúgbò wọn tó ń tún bàtà ṣe ní yàrá òdìkejì gbọ́ ohùn wọn, ó jáde. Ó ní kí wọ́n má bínú, òun lòun yá kẹ́ẹ̀gì náà lẹ́yìn ilé lọ́jọ́ ìsinmi kan tí bàbá jáde, òun fi ra kẹrosíìnì. Àṣẹ́kù díẹ̀ ṣì wà nídìí rẹ̀ nígbà tí òun dá a padà. Òun gbàgbé láti sọ, ṣùgbọ́n òun fọkàn balẹ̀, torí ta ló máa rò pé Bàbá Onímú á gbé kẹrosíìnì lọ́wọ́ kó má mọ̀? Orúkọ yẹn ti tẹ̀ lé e délé.

Aládùúgbò bẹ̀bẹ̀, ó wọlé padà. Ìyàwó ò tíì kúrò lójú kan. Ó ń wo ọkọ rẹ̀ bí ẹni ń wo ìlẹ̀kùn tó rò pé ó wà ní títì.

"Látìgbà wo?" ló béèrè.

Bàbá jókòó sílẹ̀, ó sọ ọ́. Ó sọ ti ọ̀fìnkìn, ti àlùbọ́sà, ti bàtà. Ìyàwó rẹ̀ ò sunkún, kò sì bú u. Ó rántí ọbẹ̀ kan tó kan mọ́ ọn lọ́wọ́ kó tó rìnrìn àjò, tó gbé síwájú rẹ̀ láìmọ̀, tí bàbá jẹ tán tó sì dúpẹ́. Òun fúnra rẹ̀ fẹnu kàn án lẹ́yìn náà, ó tu ú sílẹ̀. Ó rántí ìpara tuntun tó rà, tó fi para lọ bá a, tí kò wí nǹkan kan.

"Mo rò pé ọkàn yín ti kúrò lára mi ni," ló wí. "Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi, mo ń rò ó níbẹ̀."

Èyí dun bàbá ju ata lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti bọ́ọ̀sì fún un, bí wọ́n ṣe ń wá ẹni tó gbé kẹrosíìnì, bí òun ṣe ń pariwo. Ibi tó ti ń sọ ọ́ ló ti yé e. Kẹ́ẹ̀gì òun ni. Àárín ẹsẹ̀ òun ló wà. Ìyá Àlùbọ́sà ò ra kẹrosíìnì kankan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó tètè dé ilé ìdáná. Obìnrin náà ti wà níbẹ̀, ó ń bó àlùbọ́sà. Bàbá fa àpótí, ó jókòó kọjú sí i, ó mú ọ̀bẹ, òun náà ń bó. 

"Kẹ́ẹ̀gì mi ni."

"Mo mọ̀."

"O wá jẹ́ kí n bú ọ lójú gbogbo wọn."

"Bí n ò bá gbà á, ẹ̀yin ni wọn ì bá bi." Ó ju èèpo sínú garawa. "Kí lẹ máa wí?"

Bàbá bi í bó ṣe mọ̀. Obìnrin náà ní ọjọ́ tí ẹ̀wà jóná ni. Ẹni tó ń gé fóòmù lódìkejì ògiri ti ń gbọ́ òórùn jíjóná, bàbá sì dúró lórí ìkòkò, ó ń sọ fún òun pé ẹ̀wà ò tíì rọ̀. Láti ọjọ́ náà lòun ti ń tọ́ ọbẹ̀ wò lẹ́yìn rẹ̀, tí òun ń fi omi sí i bí ata bá ti pọ̀ jù. Bàbá ní kí ló dé tí kò lọ sọ fún Ọ̀gá.

"Wọ́n á ní mo ń du ìkòkò yín," ni Ìyá Àlùbọ́sà wí. "Ẹ̀yin náà á ní bẹ́ẹ̀."

Bàbá ò lè gbójú sókè. Ohun tó ti ń wí gan-an nìyẹn.

Obìnrin náà gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ ló ń da òun láàmú. Gáàsì ni. Ẹ̀ẹ̀mejì lòun ti padà wá lẹ́yìn tí wọ́n ṣíwọ́, tí òun bá a tó ń fẹ́ fìì, tí bàbá ò yí ọwọ́ rẹ̀ pa tán. Fóòmù ló kún ẹ̀yìn ògiri yẹn dé àjà. "N kì í lè ṣàìsàn mọ́, bàbá. Mo ń bẹ̀rù ọjọ́ tí n ò bá wá."

Bàbá wo ògiri náà. Ọ̀dà funfun ni wọ́n kùn ún, èéfín ti sọ ọ́ di àwọ̀ tíì. 

Láti ọjọ́ yẹn, ọwọ́ ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bà á lẹ́rù. Á yí gáàsì pa, á rìn dé ẹnu ọ̀nà, á padà wá fọwọ́ kàn án. Á wọ bọ́ọ̀sì, á tún sọ̀kalẹ̀. Awakọ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu pé kí ló gbàgbé, ṣé ìyàwó kejì ló fi síbẹ̀ ni. Ìyàwó rẹ̀ ní kó lọ sọ fún Ọ̀gá. Ó ní òun á sọ. Ilẹ̀ á mọ́, kò ní sọ.

Ọjọ́ ìdíje wá pé. Igi ata bàbá ti di ọ̀pá, ewé díẹ̀ ló kù lókè, èso kan ṣoṣo ló pọ́n lórí rẹ̀, ó sì ti hunjọ. Ó rò ó láti fi í sílé. Ó dé ẹnu ọ̀nà láìgbé e, ó padà lọ gbé e.

Ẹ̀gbẹ́ géètì ni wọ́n tò wọ́n sí, nínú garawa, nínú agolo ọ̀dà, nínú ìkòkò tó ti dáhò. Àwọn kan so bí ẹni da ìlẹ̀kẹ̀ pupa sórí igi. Ọ̀gá pàápàá jáde wá wò wọ́n, ó káwọ́ gbera. Awakọ̀ ń rìn lọ rìn bọ̀ bí adájọ́ ńlá. Ó ní òun ò ní dá ẹjọ́ láìgbọ́ ẹnu ẹni, kí oníkálukú dúró ti ata rẹ̀, kó sọ ohun tó fi tọ́ ọ dàgbà. Ẹnìkan ní eérú. Ẹnìkan ní òun máa ń kọrin fún tòun; wọ́n ní abájọ tó fi wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Obìnrin tó ń rán aṣọ bẹ́ẹ̀dì sọ ti èèpo ẹyin, ó sọ ọ́ sókè lọ́tẹ̀ yìí. Ó kan bàbá.

"Kẹrosíìnì," ló wí.

Ẹ̀rín bẹ́. Awakọ̀ ní kí bàbá má fi ilé ẹjọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, kó sọ òótọ́.

"Kẹrosíìnì ni. Èmi ni mo gbé e wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe Ìyá Àlùbọ́sà. Ó wà láàárín ẹsẹ̀ mi, mo sì ń bá yín bú ẹni tó gbé e. N ò gbọ́ òórùn rẹ̀. N kì í gbọ́ òórùn nǹkan kan mọ́, ó ti ṣe díẹ̀."

Ẹnìkan tún fẹ́ rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó gbé e mì. Wọ́n ń wo imú bàbá, bí ẹni pé á ti yí padà lójú rẹ̀. Ọ̀gá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Gáàsì ńkọ́, Bàbá?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fi í sílẹ̀ láìpa á tán, Mà. Ẹni tó bá mi pa á ló dúró yẹn."

Gbogbo ojú lọ sára Ìyá Àlùbọ́sà. Òun ń wo ilẹ̀. Ọ̀gá gbójú sókè wo ilé tí wọ́n ń kó fóòmù sí, ó wò ó pẹ́. Ó ní kí àwọn méjèèjì wá bá òun ní ọ́fíìsì, ó wọlé lọ.

Awakọ̀ ò mọ bó ṣe máa parí ọ̀rọ̀ mọ́. Ó fi ìjókòó iwájú fún obìnrin eléèpo ẹyin, wọ́n pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ náà ò délé.

Ní ọ́fíìsì, Ọ̀gá ò pariwo, ì bá sì sàn kó pariwo. Ó kọ́kọ́ bá Ìyá Àlùbọ́sà wí. Ó ní àánú tó ṣe fún bàbá, ẹ̀mí gbogbo wọn ló fi wewu, pé bí ilé yìí bá jó, ta ni wọn ì bá bi? Obìnrin náà ní òótọ́ ni. Ó wá kọjú sí bàbá. Ó ní oúnjẹ bàbá lòun jẹ lọ́jọ́ tí òun kọ́kọ́ dé síbẹ̀, òun ò gbàgbé. Ṣùgbọ́n láti òní, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan gáàsì. Ìyá Àlùbọ́sà ló ni iná. Kí bàbá máa bu oúnjẹ fún wọn lójú fèrèsé ná, títí òun á fi mọ ohun tí òun máa ṣe sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bàbá ní ó ṣeun. Kò béèrè ìgbà tí ìyẹn máa jẹ́, torí ó ń bẹ̀rù kí Ọ̀gá má lọ sọ ọ́.

Nínú bọ́ọ̀sì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó pè é ní Bàbá Onímú. Ẹni tó fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ kàn ní "Bàbá", á dúró díẹ̀ níbi tí ìyókù orúkọ yẹ kó wà. Obìnrin tó gba ìjókòó iwájú ṣẹ́ ata pupa kan lára tirẹ̀, ó nà án sẹ́yìn sí i, wọ́n ń gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí tó fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bàbá gé e jẹ níbẹ̀. Ó ta. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún, kò sì sẹ́ni tó béèrè bóyá ata nìkan ni.

Ó ti ń bu oúnjẹ lójú fèrèsé báyìí. Àwọn òṣìṣẹ́ ní ọbẹ̀ ti dára padà, wọ́n á sọ ọ́ tán kí wọ́n tó rántí ẹni tó mú ìgbakọ lọ́wọ́. Láàárọ̀, kí wọ́n tó ṣí fèrèsé, á gbé àpótí rẹ̀ sún mọ́ ìdí iná, kì í sún mọ́ ọn jù. Lọ́jọ́ kan, epo ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ooru ń gòkè, ó ní kí Ìyá Àlùbọ́sà sọ bí òórùn rẹ̀ ṣe rí fún òun.

"Ó ń ta sánsán," ni obìnrin náà wí.

"Ìyẹn ò tó."

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sórí ìkòkò, ó fọwọ́ fẹ́ ooru sí imú bó ti máa ń rí bàbá tó ń ṣe é. Ó dijú. Ọ̀rọ̀ ò wọ́pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó ń wá a. Ó ní àlùbọ́sà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn. Ó ní tòmátì ṣì kan díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ó ní nǹkan kan wà ní ìdí ìkòkò tó ń fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jó, kò tíì jó, ṣùgbọ́n ó ń bọ̀.

"Dín iná kù," ni bàbá wí, ọwọ́ rẹ̀ sì ti nà dé ibi gáàsì kó tó rántí. Ó fà á padà, ó fi í sórí orúnkún, ó ń wò ó bí obìnrin náà ṣe ń dín in.